Ọdún Tí Bàbá Mi Kun Títì

Ẹni tó bá ti wo ọwọ́ bàbá mi kò ní bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Dúdú kan wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kò rí ṣe, tí kẹrosíìnì kò rí ṣe. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi bá iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́. Ṣọ́bìrì ló fi bẹ̀rẹ̀, ipò fọ́máànù ló ti fẹ̀yìn tì, orúkọ tí gbogbo àdúgbò sì ń pè é nìyẹn, Fọ́máànù, àtọmọdé àtàgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn kóòtà máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bó bá wá mú mi nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa dí imú, ojú a sì máa tì mí. Mo ti dàgbà kọjá ìyẹn nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti di tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Alápẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Kétu, òórùn náà sì ti ń kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rúndún tuntun yìí ni wọ́n da kóòtà sí títì wa. Títì kékeré ni, ó dà gẹ̀rẹ́ láti ọwọ́ Ìkòsí wá, ó sì parí síbi ògiri, kò já síbì kankan. Kó tó dìgbà náà, bí òjò bá rọ̀, ńṣe là ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ títí a ó fi dé ojú ọ̀nà ńlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, àwọn ọmọdé gun kẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn àgbà gbé àga síta láti máa wò ó. Bàbá mi kò gbé àga. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì wa, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé kóòtà tuntun náà bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti lọ. Àwa la kù tí a ó máa tọ́jú rẹ̀."

A ò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ta ló ń tọ́jú títì?

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó fún ara rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, bó bá ti gbàdúrà tán, á mú ọ̀pá rẹ̀, á rìn láti òkè títì dé ìsàlẹ̀, á sì rìn padà. Orúnkún rẹ̀ kò dára, nítorí ìkúnlẹ̀ orí kóòtà gbígbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ìrìn yẹn máa ń pẹ́. Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní pálọ̀ wa, a máa gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀, a ní, "Dádì ti lọ kí ìyàwó rẹ̀ kejì."

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ó dá mi dúró. "Tíṣà, wá wo ibí." Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó fi ọ̀pá tọ́ka sílẹ̀. Kóòtà tó dúdú kirikiri nígbà náà ti ṣí, ó ti funfun bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ fẹ́ tí wọn ò fi òrí pa. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ti sán káàkiri ojú rẹ̀. Ó já igi ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ inú ọ̀kan lára àwọn ilà náà, igi náà sì wọlé dé ìdajì.

"Ibí ni omi ń gbà wọlé," ló wí. "Oòrùn á kọ́kọ́ fa òróró inú rẹ̀ gbẹ. Bó bá gbẹ, á sán. Bó bá sán, omi á wọ̀ ọ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á rọ̀. Mọ́tò á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kòtò ti dé nìyẹn."

"Kí la lè ṣe sí i, Dádì?"

"Ká dí gbogbo ibi tó sán, ká wá fi ọ̀dà kun gbogbo ojú rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń para náà ni. Kì í ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe é kí kòtò tó dé, nítorí pé bí kòtò bá ti dé, a ò lè fi ìpara wo egbò ńlá."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí mítìn àwọn onílé. Ilé alága ni wọ́n ti máa ń ṣe é, ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Alága yẹn jẹ́ ọmọ Ògùn, ó ti ṣiṣẹ́ báǹkì kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í wọ aṣọ mìíràn ju funfun lọ. Mo wà níbẹ̀, torí èmi ni mo máa ń bá wọn kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi sọ tẹnu rẹ̀ tán, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ẹnì kan ní, "Fọ́máànù, ilé là ń kùn. Taa ló ti rí ibi tí wọ́n ti ń kun títì?" Òmíràn ní ìjọba ló ni títì, kí ìjọba wá kùn ún.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Ìyá Onílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin nígbà náà. Àwọn bàbá rẹ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ tí ilé wa wà lórí rẹ̀, kí wọ́n tó gé e tà fún àwa àjèjì, ilé rẹ̀ sì dojú kọ tiwa gan-an. Láti ìgbà tí kóòtà ti dé ló ti ń sá ata àti láfún sórí títì níwájú ilé rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ló sì ń yà fún un. Ó gbé ìjókòó tirẹ̀ dání wá sí mítìn, bó ti máa ń ṣe.

"Ẹ fẹ́ da nǹkan dúdú síbi tí mò ń sá oúnjẹ sí," ló wí. "N ò gbà."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn.

Bàbá mi kò bínú. Ó dúró de òjò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó lọ kan ilẹ̀kùn alága, ó ní kó jọ̀ọ́ wá bá òun dúró díẹ̀ ní kọ́nà òkè. Èmi náà ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, mo bá wọn níbẹ̀, àwọn méjèèjì dúró láìsọ̀rọ̀, bíi pé ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tó ṣe, mọ́tò tó ń gbé omi inú ọ̀rá kiri bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Bí táyà rẹ̀ ṣe tẹ ibi tó sán, ẹrẹ̀ pupa tú jáde láti inú àwọn ilà náà, ó fò sókè, ó sì bà sára ṣòkòtò funfun alága láti orúnkún dé ìsàlẹ̀.

Alága wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Inú ibẹ̀ ni gbogbo ẹrẹ̀ yìí ti wá?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni," bàbá mi dáhùn. "Ilẹ̀ tó gbé títì dúró ló ń tú jáde yẹn."

Alága mí kanlẹ̀. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Fọ́máànù?"

"Ó di ẹ̀rùn. Kóòtà kì í fẹ́ omi."

Bí ẹ̀rùn ṣe dé, alága ti bá gbogbo àwọn onílé sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti gbà. Ó wá ku Ìyá Onílẹ̀. Bàbá mi ní kí n tẹ̀ lé òun lọ síbẹ̀.

A bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń já ìdí ata. Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ kan ilẹ̀, torí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ tán.

Màmá náà ní, "Bó o bá tìtorí títì wá, jókòó, ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀."

Bàbá mi jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó fa àtẹ ata súnmọ́ra, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í já ìdí wọn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. A já a títí ìdajì àtẹ fi tán. Ìgbà náà ni bàbá mi wá sọ̀rọ̀, láìgbójú sókè.

"Ìyá, orí dẹ́kìn kọnkéré ilé wa tẹ́ pẹrẹsẹ lókè. Oòrùn ibẹ̀ kò lábùlà. Ewúrẹ́ ò lè débẹ̀, eruku mọ́tò ò lè débẹ̀. Ẹ lè máa sá nǹkan yín síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí."

"Ìyàwó rẹ ń kọ́?" ni màmá náà bi í.

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun àti ìyá mi kò kí ara wọn. Omi gọ́tà ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí a da kọnkéré bo gọ́tà iwájú ilé wa, omi ìfọṣọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ síwájú ilé tirẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan, ìyá mi dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, kódà lẹ́yìn tí bàbá mi ti tún gọ́tà náà ṣe.

Bàbá mi ní, "Ìyàwó mi ló ní kí n wá pè yín."

Mo tẹjú mọ́ ata. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Màmá náà wò ó pẹ́. "Sọ fún un pé mo gbọ́," ló wí.

Bí a ṣe délé, bàbá mi dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń kùn. Ó ní, "Ìyá Onílẹ̀ gbà o. Ó ní kí n kí ẹ."

Ìyá mi dá ẹ̀rọ dúró. "Ó gba kí ni?"

"Ohun tó o ní kí n bá a sọ. Pé kó máa wá sá ata lórí dẹ́kìn wa."

"Èmi?"

"Ìwọ."

Ìyá mi wò ó. Mo rò pé ìjà ti dé. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gún un mọ́ aṣọ, ó sì kọjú sí mi. "Lọ gbá orí dẹ́kìn. Fi omi fọ̀ ọ́. Bó bá bá ìdọ̀tí níbẹ̀, gbogbo Kétu ló máa gbọ́."

Ìyá Onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lọ́jọ́ kìíní, ó gun àtẹ̀gùn, ó tẹ́ nǹkan rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gbé omi fún un, torí àtẹ̀gùn náà ga. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń gbọ́ ẹ̀rín láti òkè. Mo gòkè lọ wò wọ́n. Ìyá mi ń bá a yí láfún padà, màmá náà sì ń sọ bí ilẹ̀ yìí ṣe rí nígbà tí ó jẹ́ oko, tó jẹ́ pé ibi tí ilé wa wà gan-an ni àwọn ti máa ń dẹ pàkúté fún òkété.

Sátidé kan ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn jáde ju bí a ṣe rò lọ, bóyá torí pé wọ́n fẹ́ wo ohun tí Fọ́máànù fẹ́ ṣe. Ó kọ́kọ́ ní kí a gbálẹ̀. A gbá a. Ó ní kí a tún un gbá. Ibi tí mọ́tò ti jo òróró sílẹ̀, a da ọṣẹ ìfọṣọ sí i, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, torí ọ̀dà kì í mú ibi tí òróró bá wà. Ó wá dáná sábẹ́ ìlàjì dúrọ́ọ̀mù kan, ó yọ́ kóòtà sínú rẹ̀, ó ń fi kẹ́tùrù àtijọ́ bù ú sínú àwọn ibi tó sán, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òórùn kóòtà ti gba gbogbo títì. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ń fà á símú, mi ò sì mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí bàbá mi fi wò mí tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dà tí a fẹ́ fi kun ojú títì yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló fi ránṣẹ́ sí i nínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Wọ́n ti fi omi pò ó láti iléeṣẹ́, kò nílò iná, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi kòkó mímu. Bàbá mi po yanrìn kíkúnná mọ́ ọn kó má baà máa yọ̀. Ó ti ní kí káfíńtà kan gé táyà àtijọ́ mọ́ etí pákó, kó kan igi gígùn sí i. Ohun tí a fi ń tẹ́ ọ̀dà náà nìyẹn. A dà á sílẹ̀, a fi rọ́bà wọ́ ọ lọ, a wọ́ ọ bọ̀, títí yóò fi fẹ́lẹ́ tí yóò sì dọ́gba.

"Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀," ló ń sọ fún gbogbo wa. "Bó bá ṣì ń pọ́n bíi kòkó, omi wà nínú rẹ̀. Bó bá ti di dúdú, ó ti mú nìyẹn. Bí òjò bá bá a kó tó dúdú, gbogbo rẹ̀ á ṣàn wọ gọ́tà."

Ìlàjì ni a kùn ní ọjọ́ kejì, apá ọ̀dọ̀ wa, kí àwọn èèyàn lè rí apá kejì gbà kọjá. Ó fún mi ní rọ́bà náà lẹ́nu géètì wa, ó ní kí n ṣe ìwọ̀nba tèmi. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka síbi tí mo bá fò. Ní Mọ́ńdè, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi béèrè ohun tó ṣe mí léèékánná. Mo ní, "Mo bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ni." Mo fi ọwọ́ náà kọ̀wé sójú pátákó títí ilé ìwé fi parí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la bọ́ sí apá kejì, apá ọ̀dọ̀ Ìyá Onílẹ̀. Láti òkè la ti ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a kùn ún dé iwájú ilé rẹ̀, ó sì ku díẹ̀ ká parí nígbà tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ láti ọwọ́ Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Mile 12, níbi tí odò wà. Gbogbo wa gbójú sókè. Ojú ọ̀run ti ṣú. Kò yẹ kí òjò rọ̀ lásìkò yẹn, ó kù tó oṣù kan kí òjò bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi fi ojú wọn títì. Ti òkè ti dúdú. Ibi tó kù, tó tó bí ogún ẹsẹ̀ bàtà níwájú ilé Ìyá Onílẹ̀, ṣì ń pọ́n bíi kòkó. Ó fi rọ́bà sílẹ̀, ó sì jókòó sí etí gọ́tà. Mi ò rí i kó jókòó lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ó ní, "Ó ti bọ́."

Ìyá mi àti Ìyá Onílẹ̀ wà lórí dẹ́kìn wa, wọ́n ń sáré kó ata wọlé. Màmá náà ló kọ́kọ́ rí i.

"Fọ́máànù, kí ló dé tó o jókòó?"

"Òjò ni, Ìyá."

"Iwájú ilé mi ni kò tíì gbẹ?"

"Òun ni."

Ó yíjú sí ìyá mi, wọ́n jọ sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Ìyá mi wá tẹ̀ síwájú, ó pè mí. "Sáré lọ bá onítòmátò. Ní kó gbé àwọn tapólì rẹ̀ wá."

Onítòmátò jẹ́ ará ilé kẹta sí wa, ó ń ta tòmátò ní Mile 12, tapólì ńlá ló sì máa ń fi bo àwọn apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oorun ọ̀sán ló ń sùn nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn. Ó jáde nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́ ẹnu mi, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gbé tapólì méjì sí èjìká, ó sáré tẹ̀ lé mi. Omi tòmátò tó ti gbẹ ṣì wà lára wọn.

Àwọn kan ti fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ọ̀dà nígbà tí bàbá mi fò dìde. "Ẹ má tẹ́ ẹ. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò ṣí gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé e sókè, ẹ dì í mú."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Àwọn kan dúró lórí apá tí a ti kùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan dúró sórí kọnkéré gọ́tà, a na tapólì méjèèjì láàárín, a gbé e sókè orí. Alága di igun kan mú nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Òjò dé. Kì í ṣe ńlá, ṣùgbọ́n òjò ni. Bàbá mi rí i pé omi yóò máa ṣàn bọ̀ láti òkè, ó gba ṣọ́bìrì, ó wa yanrìn tó ṣẹ́ kù, ó fi ṣe ebè kékeré kọjá títì kí omi lè yà sínú gọ́tà. Èmi àti ìyá mi ń fi péènì gbé yanrìn fún un. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣe é. Kò gbọ́, tàbí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyá Onílẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ó ń pàṣẹ. "Ẹ rẹ ẹ̀gbẹ́ yẹn sílẹ̀, omi ti ń kún un nínú. Ìwọ tó o wọ búlúù, gbé ọwọ́ rẹ sókè, ṣé o ò jẹun ni?"

Òjò náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n apá wa kò mọ̀. Alága ń gbọ̀n. Ó ní, "Mo ṣiṣẹ́ báǹkì títí mo fi fẹ̀yìn tì. N ò mọ̀ pé títì ni màá wá ṣí agboòrùn bò." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, tapólì sì ń mì lórí wa. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka kan ọ̀dà náà létí, ó ń gbé ìka rẹ̀ wò. Kòkó. Ó dúró díẹ̀, ó tún kàn án. Kòkó. Ìgbà kan wá dé tó kàn án, tó gbé ìka náà sókè fún mi láti rí, ó sì dúdú.

"Ó ń mú," ló wí.

Kí òjò tó dá, ọwọ́ ẹnì kan yọ̀ ní igun ìsàlẹ̀, omi tó ti kún inú tapólì dà lulẹ̀, ó sì fọ ibì kan lọ, tó fẹ̀ tó ẹní kan, lẹ́nu àtẹ̀gùn Ìyá Onílẹ̀ gan-an. Ìyókù dúró. Nígbà tí oòrùn yọ padà, bàbá mi ní òun yóò tún ibẹ̀ kùn ní ọjọ́ kejì.

Màmá náà ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló kù tí kò dúdú. Màá máa sá ata mi síbẹ̀."

Ó sì sá a síbẹ̀ lóòótọ́, ní ọjọ́ tí kò bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, orúnkún bàbá mi wú. Ìyá mi fi aṣọ bọ omi gbígbóná, ó ń fi jó o, ó ń bá a wí. Ó ní bí ó bá tún kúnlẹ̀ sínú omi nítorí títì, òun yóò gbé ibùsùn rẹ̀ síta kó máa sùn tì í. Bàbá mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, jẹ́jẹ́, "Títì tí mo ti ṣe láyé mi kò lóǹkà. Bí a bá ti parí ọ̀kan, a ó kó irin iṣẹ́ wa, a ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò dúró sínú òjò rí nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ó yí ojú sí ògiri. Ìyá mi tún aṣọ náà bọ omi, ó fún un, ó sì gbé e lé orúnkún rẹ̀. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Àwọn títì kan láyìíká wa di kòtò, ọlọ́kadà ń jábọ́ síbẹ̀. Tiwa dúró. Omi kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà a tún un kùn, lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Nígbà tó yá, àwọn onílé títì kejì rán èèyàn sí bàbá mi pé kó wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn.

Kò lè kúnlẹ̀ mọ́ nígbà náà, kò sì lè dúró pẹ́. Mo bá a gbé àga lọ, mo gbé e síbi tí òjìji igi máńgòrò kan bọ́ sí, kó lè rí gbogbo títì náà láti ibẹ̀. Ó gba ìgò omi lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀ lórí itan, ó wo àwọn èèyàn náà bí wọ́n ṣe ń wọ́ rọ́bà lọ, tí wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀. Oòrùn ọ̀sán gbóná. Nígbà tó ṣe, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ sì dé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rí i, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, ẹnì kan gbé ìgbálẹ̀ kúrò nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mi ò rí i kó mira. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, mo pè é jẹ́jẹ́.

Kò la ojú. Ó ní, "Sọ fún wọn pé ọ̀dà apá òsì yẹn ti nípọn jù. Mò ń gbọ́ ọ láti ibí bí rọ́bà ṣe ń wúwo."